Ẹ Gbé Áńtẹ́nà Jáde Sí Gbangba

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọ̀rọ̀ àtigba àmì sátẹ́láìtì bá ti délẹ̀, fóònù olówó gọbọi lẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ rò pé bó bá ṣe wọ́n tó ni yóò ṣe gbọ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín kò lè gbọ́ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀, ìṣirò nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Áńtẹ́nà ló ń bá a gbọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọ ojú USB, RTL-SDR lorúkọ rẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún. Ọdún 2012 ni òkìkí kàn pé ṣíìpù RTL2832U inú rẹ̀ lè sọ ìgbì rédíò di nọ́ńbà, kí ó sì kó o fún kọ̀ǹpútà. Láyé tiwa, wáyà kíká àti kàpásítọ̀ ni rédíò fi ń yan ibùdó. Ìṣirò ló ń yàn án báyìí. Fóònù Android tó bá gba okùn OTG lè ṣe é, bí áàpù SDR++ tàbí SatDump bá wà lórí rẹ̀. Yóò jẹ bátìrì o!

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa rèé. Ojú àwo làwo fi ń gbọbẹ̀. Ìgbì 137 MHz tí àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí ń lò gùn ju mítà méjì lọ díẹ̀, ìdá mẹ́rin rẹ̀ la sì ń wá. Ẹ gé wáyà bàbà méjì, kí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 53 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ so ọ̀kan mọ́ bàbà àárín okùn áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ so èkejì mọ́ àwọ̀n tó yí i ká. Ẹ yà wọ́n ní 120 dígírì bíi lẹ́tà V, kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹnu V náà kọjú sí àríwá tàbí gúúsù. Ẹ má gbé e sábẹ́ òrùlé páànù láéláé; irin ni páànù, kò ní jẹ́ kí àmì wọlé. Bí òpó rédíò FM bá wà nítòsí, ariwo rẹ̀ lè bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, ẹ yáa jìnnà sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún àlàyé àtijọ́ lórí iṣẹ́ yìí. Sátẹ́láìtì NOAA 15, 18 àti 19 tí wọ́n ń júwe níbẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ti pa gbogbo wọn ní 2025. Ìró wọn dùn mọ́ mi, tíkà-tíkà tíkà-tíkà, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ. Meteor-M ti Rọ́ṣíà ni kí ẹ máa wá: N2-3 tó gòkè ní 2023, àti N2-4 ti 2024. 137.9 MHz tàbí 137.1 ni wọ́n ń lò.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pọ̀ jù tí ọ̀kan yóò fi kọjá. Bó ti ń bọ̀, ìgbì rẹ̀ yóò ga ju bó ti yẹ lọ ní nǹkan bíi 3 kHz; bó bá ti ń lọ, yóò rẹlẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan nítorí ìyẹn, SatDump mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà máa wò ó bí àwòrán ti ń jáde ní ìlà-ìlà: ìkùukùu lórí òkun, lẹ́yìn náà igbó, lẹ́yìn náà iyanrìn aṣálẹ̀ Sàhárà.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó fóònù tuntun yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ wo àkókò tí Meteor yóò kọjá lọ́la, kí áńtẹ́nà yín sì ti wà ní gbangba kó tó dé.