Ẹ Má Pe Àìsàn Ìyá Yín ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ fetí sí mi. Ìbáwí ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ òsì nà yín tán, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni màá fi fà yín mọ́ra.

Etí mi ti kún. Ní Ìfọ̀nyìn tiwa níhìn-ín, Ifangni lórí ìwé ìjọba, láti Ìgólò dé Banigbé, mo ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ ìyá wọn: “Ìyá ti ya ọ̀lẹ. Látìgbà tí kòrónà ti mú wọn ni wọn ò ti fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́.” Hà! Ìyá tó fi epo pupa rán yín nílé ìwé ni ẹ ń pè ní ọ̀lẹ? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ìyá kan wà tó ń ta gààrí lọ́jà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kí kòrónà tó dé ni làkúrègbé ti ń bá a fínra. Láàárọ̀, ìka ọwọ́ méjèèjì á le gbagidi, ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ kò ní dúró lọ́wọ́ rẹ̀, oòrùn á ti yọ dáadáa kó tó lè so ìró mọ́ ìdí. Kòrónà wá mú un. Ó wúkọ́, ó gbóná, ó dìde, gbogbo ilé dúpẹ́. Àmọ́ lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, bó bá pọn omi láti ìdí kànga dé ìdí ààrò, ó ti ní láti jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Á máa wọn gààrí fún oníbàárà, á sì gbàgbé iye ìgbà tó ti bù ú. Bó bá fipá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà, kò ní lè dìde lórí ẹní lọ́jọ́ kejì. Àwọn aládùúgbò ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn ọmọ ní ọ̀lẹ ni.

Ẹ ò rántí bí ọdún tí kòrónà dé ṣe rí ni? Nàìjíríà ti ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọjà ti dá wáí kí àrùn tó dé rárá. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó kó kòrónà ní Bẹ̀nẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù yẹn títí di ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, wọ́n dínà Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó wà lágbègbè wọn. Àwa kò sí nínú àgbègbè tí wọ́n há mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀hún ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ra oògùn tó yè kooro.

Ti oògùn tún kó wàhálà tirẹ̀ wá. Ariwo ta pé kilorokúìnì àti ìbátan rẹ̀, hydroxychloroquine, ń wo kòrónà. Àwọn èèyàn sáré lọ rà á. Ní Èkó, àwọn kan lò ó títí ó fi di májèlé sí wọn lára. Bẹ́ẹ̀ hydroxychloroquine yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní lupus, àìsàn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà, tàbí làkúrègbé ń lò lójoojúmọ́ kí ara wọn lè rọlẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìdánwò rẹ̀ lórí àwọn oníkòrónà dúró, nítorí kò dín ikú kù. Ẹni tí kò nílò rẹ̀ ti kó o pamọ́ sílé, ẹni tó nílò rẹ̀ ń wá a káàkiri.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀. Oríṣiríṣi ni làkúrègbé. Ti orúnkún àgbà wà, tó jẹ́ pé lílò ló lò ó gbó. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí kì í ṣe ti ogbó, tó ń mú ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nínú èyí, agbára tí Ọlọ́run fi sára láti bá àrùn jà ló yí padà sí oríkèé, bí ajá ilé tó ń gé onílé jẹ. Oríkèé á wú, á gbóná, ọwọ́ méjèèjì á sì le láàárọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin ló ń bá jà jù: bí ọkùnrin kan bá ní in, obìnrin bíi mẹ́ta ló ní in.

Ara tó ti wà nínú ìjà bẹ́ẹ̀ ni kòrónà wá bá. Àwọn olùwádìí tó fọ̀rọ̀ wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ rí i pé àṣẹ́kù kòrónà ń pẹ́ lára àwọn tó ní irú àìsàn yìí ju ará yòókù lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ bí a ṣe máa dá àṣẹ́kù yìí mọ̀: bó bá di oṣù mẹ́ta tí kòrónà ti bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn, tí àárẹ̀, èémí tí kò délẹ̀ tàbí ìgbàgbé sì ń yọ ọ́ lẹ́nu fún oṣù méjì ó kéré tán, tí wọn ò rí àìsàn mìíràn tó fà á.

Ẹ gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí wọ́n má rí àìsàn mìíràn tó fà á. Àwọn kan á ní, “Kòrónà ló ṣẹ́kù,” wọn á sì káwọ́ gbera, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló gbẹ lára onítọ̀hún, tàbí àtọ̀gbẹ ni, tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn mìíràn á ní, “Làkúrègbé rẹ̀ náà ni,” bẹ́ẹ̀ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ló ń pariwo. Bí oríkèé bá wú tó sì gbóná, ó jọ pé làkúrègbé fúnra rẹ̀ ló tún gbé orí dìde. Bí oríkèé bá dákẹ́ ṣùgbọ́n tí àárẹ̀ ń wọlé lẹ́yìn iṣẹ́ kékeré, ẹ fura sí àṣẹ́kù kòrónà. Méjèèjì tún lè jọ wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Ojú lásán kò lè yà wọ́n. Àyẹ̀wò ló ń yà wọ́n.

Ibi tí inú ti ń bí mi jù wá kù. Èwo ni ti oògùn inú ọ̀rá tí ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn láàárín ọjà? Hóró méjì funfun, ọ̀kan pupa, kò sórúkọ, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ìyá lò ó lálẹ́, ó jí, ó ń jó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ rùmúrùmú, ẹ sì ń yọ̀ pé ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ara kọ́ nìyẹn o! Léraléra ni wọ́n ti bá dexamethasone tàbí prednisone nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Dókítà náà ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti ìṣọ́ra. Bí a bá ń gbé e mì láìmọye, á gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, á sọ egungun di ẹlẹgẹ́, á sì sọ àrùn bíi kòrónà di líle síni lára. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́ kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ara lè dákú. Dókítà ni kó mọ bí a ṣe ń dín in kù. Bákan náà ni methotrexate: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún làkúrègbé. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ojoojúmọ́ ń wá ikú.

Nínú ilé, ẹ jẹ́ kí ìyá máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ pọn omi fún un, ẹ bó ẹ̀gẹ́ fún un. Ẹ bi dókítà léèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, nítorí ó ń dín líle àrùn náà kù.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ọjà mìíràn kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ìyá ń lò sínú àpò kan, ti ọ̀rá àti ti àgbo pẹ̀lú, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn Sàkẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ náà ju tiwọn lọ, ẹ̀ka tó ń wo oríkèé ara wà ní ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu. Ẹ dá owó ọkọ̀ jọ láàárín ara yín, kí ọ̀kan nínú yín sì tẹ̀lé e lọ, kó gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ. Ìyá yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara rẹ̀ ni kò yá, ẹ̀yin ló sì kàn láti tọ́jú rẹ̀.