Òrùka Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Ń Yí Oòrùn àti Òṣùpá Ká: Àmì Agbára Ọlọ́hun, Kì Í Ṣe Ìròyìn Ikú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá oòrùn àti òṣùpá, tí ó sì fi ìṣirò sí ìrìn àwọn méjèèjì. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun.

Nígbà mìíràn, a ó gbójú sókè ní ọ̀sán, a ó sì rí òrùka ńlá tí ó yí oòrùn ká. Ní òru, a lè rí irú rẹ̀ lára òṣùpá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ yóò ti máa fò láti orí fóònù kan sí òmíràn: àwọn kan yóò ní ọba kan fẹ́ wàjà, àwọn mìíràn yóò ní ayé ti parí. Jìnnìjìnnì yóò bo aláìsàn. Ẹlòmíràn yóò gba ọ̀dọ̀ aríran lọ, yóò sì ná owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sórí ètùtù. Ìgbàgbọ́ wa ni irú ìbẹ̀rù yìí ń bà jẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ bí òrùka náà ṣe ń wáyé.

Lókè réré, níbi tí ó ju kìlómítà 6 lọ sí ilẹ̀, òtútù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń di yìnyín. Ìkúùkù kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ ìbòjú, tí hóró yìnyín kéékèèké kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìhà mẹ́fà, bíi pẹ́ńsù tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ̀wé. Bí a bá ki ṣíbí bọ inú ife omi, yóò dà bí ẹni pé ó ṣẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ bí ó ti ń jáde nínú omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtànṣán ń tẹ̀ bí ó bá gba ìhà kan wọ inú hóró yìnyín, tí ó sì gba ìhà mìíràn jáde. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń tẹ̀ ní ìwọ̀n bíi dìgírì 22. Nítorí pé àwọn hóró náà kò lóǹkà, tí wọ́n sì kọjú sí ibi gbogbo, ìmọ́lẹ̀ wọn ń dé ojú wa yíká oòrùn ní ìwọ̀n kan náà. Ó sì di òrùka. Pupa a máa hàn ní etí rẹ̀ ti inú. Ti òṣùpá sábà máa ń funfun, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lágbára.

Ẹ fi ọkàn sí èyí: òrùka náà kò rọ̀ sórí ilé ẹnikẹ́ni. Hóró yìnyín tí ó fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí ojú tèmi kọ́ ni ó fi ránṣẹ́ sí ojú ẹni tí ó wà ní òdìkejì ọjà. Olúkúlùkù ni ó ń rí tirẹ̀. Bí a bá rìn, yóò bá wa rìn. Báwo ni a ó ṣe wá sọ pé ààfin kan ni ó ń tọ́ka sí?

Ní ọdún 10 lẹ́yìn Hijira, Ibrahim, ọmọ Ànábì wa, kú ní Madina, oòrùn sì ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn ní ikú ọmọ náà ni ó fà á. Tòun ti ọ̀fọ̀ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró: ó kọ́ wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn kò bá ṣókùnkùn nítorí ọmọ Ànábì, ta ni yóò wá dé òrùka fún?

Ibn al-Haytham, onímọ̀ Mùsùlùmí tí a bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, kọ ìwé lórí òṣùmàrè àti òrùka yìí. Ìwádìí ni ó fi pàdé rẹ̀, kì í ṣe ìjayà.

Nítorí náà, bí a bá rí i, ẹ jẹ́ kí a ṣe àfọ̀mọ́ fún Ọlọ́hun. Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn, nítorí àmánà ni ojú jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ sì má ṣe tan ìròyìn tí a kò wádìí kálẹ̀, nítorí Ọlọ́hun ti pa wá láṣẹ ìwádìí nínú Súrà Al-Hujurat.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó sì yọ ìbẹ̀rù ohunkóhun lẹ́yìn Rẹ̀ kúrò lọ́kàn wa. Àmín.