Ẹ Kọ Ojú Ọjọ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ físíìsì àti kẹ́místrì ní yunifásítì LAUTECH, tí ẹ fẹ́ fi perovskite ṣe sẹ́ẹ̀lì oòrùn àti irinṣẹ́ tó ń mọ ìtànṣán, ẹ kọ́kọ́ mọ ojú ọjọ́. Ní àdúgbò Sábó níbí, ọyẹ́ a máa la ètè ẹni lóṣù Kejìlá. Tó bá di oṣù Keje, iyọ̀ inú agolo á máa ṣomi. Iyọ̀ ni perovskite náà.

Òjé áyódáìdì pọ́n bí ìyeyè. Tí ẹ bá pò ó mọ́ methylammonium iodide, tí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí díńgí, tí ẹ sì yan án, á di dúdú. Tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, á tún pọ́n padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, odidi oṣù kan ni mo fi ń bá ọwọ́ ara mi wí, òjò ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. N kò kọ ìwọ̀n ọ̀rinrin yàrá sílẹ̀, n kò sì rí ọjọ́ tí mo lè tọ́ka sí.

Ìwé tí Kojima àti Miyasaka gbé jáde ní Japan ní 2009 sọ pé ìdá 3.8 nínú 100 agbára ìmọ́lẹ̀ ló di iná. Lónìí, ó ti lé ní 25. Ẹ má torí èyí sáré. Ẹ wọn sẹ́ẹ̀lì láti ìsàlẹ̀ fólítéèjì lọ sókè, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láti òkè wá sílẹ̀. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ kọ méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìtànṣán gamma, òjé tó wúwo ló ń dá a dúró, ṣùgbọ́n kírísítà tó nípọn, tó mọ́ gaara, lẹ nílò. Methylammonium lead bromide tí a yọ́ sínú èròjà olómi DMF kò ṣe bíi ṣúgà: bó bá ṣe ń gbóná ló ń dì. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ mú iná gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ má mi ìgò. Afíngbá Ọ̀yọ́ tó bá kánjú, igbá rẹ̀ á fọ́. Ẹni tó bá kánjú níbí, wóróworo ni yóò kó.

Òjé kì í ṣe eré. Ní 2010, ó pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara. DMF ń gba awọ ara wọlé: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹun níbi iṣẹ́, ẹ má da ìdọ̀tí rẹ̀ sí gọ́tà.

Lálẹ́, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ kọ ọjọ́, aago, ooru àti ọ̀rinrin sílẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Ẹni tí yóò ṣe é lẹ́yìn yín lóṣù Keje ló ni ìwé yẹn.