Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ẹ Gbé Pẹpẹ Sọ̀ Kalẹ̀

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Pẹpẹ inú ilé ni wọ́n ń wí, èyí tí ìyá ń kó àwo àti ẹja gbígbẹ lé kí ajá má baà kàn án. Nígbà tí Bíbélì dé èdè wa, pẹpẹ yìí náà ni a fi pe ibi ìrúbọ sí Olúwa, ni òwe bá ní ìtumọ̀ kejì lọ́wọ́ àwa onígbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju èyí lọ: bí ọwọ́ ọmọ kò bá tó pẹpẹ, ẹ má fa ọmọ lọ́wọ́ ya, ẹ gbé pẹpẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ wo àsẹ́ńbílì àárọ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Lásígidi tàbí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Èkìtì níbí. Tíṣà ń gba àdúrà gígùn. Àwọn ọmọ di ojú kan, wọ́n la ìkejì. Ọ̀kan ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀, òmíràn ń fa okùn àpò ẹni iwájú rẹ̀. Bí ó bá kan "Àmín", gbogbo wọn á hó yéè. Èyí kì í ṣe orí kunkun. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí a kò fún wọn ni.

Àwọn kan ti ronú iṣẹ́ tí a lè fún wọn. Ní ìlú Chichester lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní 1999, àwọn ọ̀dọ́ kan sọ yàrá kan di ibi àdúrà tọ̀sán-tòru. Láti inú ẹgbẹ́ tí ó tibẹ̀ jáde, 24-7 Prayer, ni èrò yìí ti tàn dé ilé-ìwé: kí á ya kíláàsì kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ọmọ máa fi nǹkan tí ó lè fọwọ́ kàn gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àdúrà tí ó gba ọwọ́ kọjá kì í ṣe àjèjì ní Èkìtì. Ní 1947 ni àwọn Fádà Àgùdà ṣí ilé iṣẹ́ ọnà sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn agbẹ́gilére bíi Bándélé ọmọ Àrẹ̀ògún àti Lamidi Fakeye ti gbẹ́gi fún ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi aṣọ Yorùbá wọ àwọn ènìyàn inú Bíbélì, kí ẹni tí ó bá wò wọ́n lè mọ̀ pé ilé òun ni ìhìn rere dé.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kò nílò ilé tuntun kí ẹ tó ṣe irú ibi àdúrà bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Igun kíláàsì tàbí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó, pẹ̀lú ẹní mẹ́ta àti aṣọ ìkélé kan. Kí ohunkóhun má ga ju àyà ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ibùdó mẹ́ta péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni bàsíà omi àti òkúta wẹ́wẹ́, ohun tí kò wọ́n nílẹ̀ wa. Ọmọ á mú òkúta kan, á dì í mọ́wọ́ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sọ ohun tí ó ń dùn ún fún Ọlọ́run nínú ara rẹ̀, á sì jù ú sómi. Ó ró "pó", ọwọ́ sì fúyẹ́. Kò sí ìwàásù tí a ó tún fi lé e.

Èkejì ni ọ̀pẹ ọpẹ́. Ẹ ya ìtí ọ̀pẹ sórí páálí, ẹ gé bébà aláwọ̀ ewé bí imọ̀. Ọmọ tí ó bá lè kọ̀wé á kọ ohun tí ó ń dúpẹ́ fún. Èyí tí kò lè kọ á yà á. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí, ọ̀pẹ á ti hu imọ̀ bo orí.

Ẹ̀kẹta ni àwòrán àdúgbò: Ìmẹ̀sí, Òde, Ìsẹ̀, Emùré, àti ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀. Ọmọ á mú hóró àgbàdo kan, á gbé e lé ibi tí ó fẹ́ kí Ọlọ́run bojú tó. Ẹ má rò pé ọmọdé kò mọ ẹ̀rù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, 2024, ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn lọ ní agbègbè Emùré. Ó di ọjọ́ 4 oṣù Kejì kí àwọn ọmọ náà tó rí ìtúsílẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ irú ìròyìn yẹn lè má rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbàdúrà, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ọ̀nà tí yóò gbé àgbàdo rẹ̀ lé.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ wà. Àwọn kan máa ń fi iyanrìn sínú àwo kí ọmọ fi ìka kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kí ó sì pa á rẹ́. Nílẹ̀ yìí, òbí tí ó bá yọjú á rántí ọpọ́n Ifá, ariwo á sì sọ. Síléètì, ṣọ́ọ̀kì àti àkísà tútù á ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ má tan àbẹ́là: iná àti ẹní kò bára gbé, ìjọ kan sì ń tàn án, òmíràn ń sá fún un.

Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé ìjọba, ẹ rántí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra. Abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fipá mú ọmọ ilé-ìwé wọ inú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ bá òbí sọ ọ́. Ọmọ tí kò bá wọlé, kí ó ní ìwé ìtàn tàbí bọ́ọ̀lù tirẹ̀, kí ojú má tì í.

Apá kejì òwe náà wá kù, èyí tí àwa àgbà kì í fẹ́ gbọ́: ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọkàn ọmọ ní ẹnu tóóró. Ọwọ́ tiwa ti tóbi jù. Nítorí náà, ẹ má ka bébà ọmọ síta, ẹ má bi í pé kí ló sọ fún Ọlọ́run. Bí ó bá kọ pé ẹnì kan ń lu òun tàbí ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ìyẹn nìkan ni kò gbọdọ̀ dúró lórí bébà: ẹ pe ọ̀gá ilé-ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ jọ wá bí ẹ ó ṣe dáàbò bò ó.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ tíṣà kò pọ̀. Kí ó bọ́ bàtà, kí ó jókòó sórí ẹní, kí ó mú òkúta tirẹ̀.