Alágbára Má Mèrò: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Gboyè Nínú Ẹ̀kọ́ Eré Ìdárayá

Àwọn àgbà tí wọ́n wí pé alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ kò pa òwe náà mọ́ jagunjagun nìkan. Bí wọ́n ti ń bá ọmọ ogun wí ni wọ́n ń bá oníjàkadì wí, ẹni tí apá rẹ̀ tó ìtì igi, tí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé apá náà títí tí ọmọ tín-ín-rín kan tí ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti ń yẹ̀ fi gbé e ṣánlẹ̀ lójú àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Òwe yìí ni mo fi ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ ra fọ́ọ̀mù JAMB sọ, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó ń kọ Human Kinetics tàbí Physical and Health Education, ìyẹn ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, sínú fọ́ọ̀mù wọn, bọ́ọ̀lù gbígbá àti eré sísá ni wọ́n rò pé àwọn fẹ́ lọ fi ọdún mẹ́rin ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn òbí tí ó sì ń kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní ta kòkó nítorí eré, èrò kan náà ni ó wà lọ́kàn tiwọn.

Ẹni tí kò gbédè ẹga ní í wí pé ẹga ń pàtótó ẹnu. Ọmọ tí ó bá wọ inú ẹ̀kọ́ yìí yóò kọ́kọ́ bá eegun àti iṣan ara ènìyàn pàdé, yóò mọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ti so mọ́ra. Yóò kọ́ bí ọkàn ṣe ń lù kìkì nígbà tí a bá ń sáré, àti ìdí rẹ̀ tí ọkàn ẹni tí ìdárayá ti mọ́ lára fi ń lù jẹ́jẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ nígbà tí ó bá jókòó. Yóò kọ́ nípa ìbẹ̀rù tí ó máa ń dé bá eléré ní ọjọ́ ìdíje, nípa ìtọ́jú ẹsẹ̀ tí ó rọ́, nípa ìṣirò tí a fi ń díwọ̀n agbára ara. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọn yóò tún ní kí ó bọ́ṣọ kí ó wá lúwẹ̀ẹ́, kí ó fò, kí ó tàkìtì, kí wọ́n lè fún un ní máàkì.

Ẹ rántí oṣù keje ọdún 2022, nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi bí a ti ń fo igi nínú eré 100 mítà han ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Níbi ìdíje àgbáyé ní ìlú Eugene, ó sáré ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin kankan lórí ilẹ̀ ayé tí ó ti sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kan náà ó tún sá àṣekágbá ní 12.06, èyí tí ó yá ju ti ìṣáájú lọ, ó gba wúrà, síbẹ̀ 12.12 ni wọ́n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Kí ni ó fà á? Atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn àwọn asáré nígbà àṣekágbá náà tó mítà 2.5 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, mítà 2.0 sì ni òfin gbà láyè. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí a ti ń wọn atẹ́gùn àti bí ó ti ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, òun ni ẹ̀kọ́ yìí tọ́ sí. Èyí tí ó kàn fẹ́ pàtẹ́wọ́, ìjókòó pọ̀ ní pápá.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà kí a wo ilé tí ẹ̀kọ́ yìí ń gbé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní ti Èkó, ní ti Ìlọrin, abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́, níbi tí a ti ń tọ́ àwọn olùkọ́, ni a ti máa ń bá a. Èyí já sí pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, yóò lọ dúró níwájú ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, àti pé nígbà tí ó bá jáde, iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́kọ́ ń tọ́ka sí ni iṣẹ́ olùkọ́, lẹ́yìn tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí àwọn olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tí ariwo ọmọdé ń fún ní ẹ̀fọ́rí kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú gbólóhùn yìí.

Èmi kò ka iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá sí ohun àbùkù rárá. Mo tilẹ̀ rò pé òun ni ó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ yìí ń bí, bí a bá ń wá ẹni tí yóò ṣe é bí ó ti yẹ. Àwọn ilé-ìwé aládàáni tí a ń kọ́ sórí ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan kò ní pápá, àwọn ti ìjọba tí ó ní pápá ń fi í kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ojú pátákó ni a sì ti ń ya pápá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá fún ọmọ tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà rí. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà lè gbéni dé ibi gíga: olùkọ́ ni Olóyè Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, kí ó tó di ẹni tí ó kó ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984, tí wọ́n sì dé àṣekágbá, àti ẹni tí ó kó wọn lọ sí Ife Àgbáyé ní 2002. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń kọ́ ọmọdé kò ní pẹ́ mọ bí a ti ń kọ́ àgbà.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Ibi tí igi ti ń gún ọ̀pọ̀ ọmọ lójú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti physiotherapy. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò tó láti wọ ẹ̀kọ́ yẹn a gba Human Kinetics, aládùúgbò kan a sì máa tù ú nínú pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé bí ó bá jáde, ilé ìwòsàn ni yóò gbà á láti máa na iṣan aláìsàn rọpárọsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni physiotherapy. Láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Ìbàdàn, abẹ́ àwọn oníṣègùn ni ó sì wà. Ọdún márùn-ún ni, ó kéré tán. Ó ń béèrè físíìsì, kẹ́mísírì àti bàólọ́jì láìgba àwáwí. Akẹ́kọ̀ọ́jáde yóò ṣiṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn, ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ yóò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè fọwọ́ kan aláìsàn lórúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó gboyè nínú Human Kinetics lè kọ́ ara tí ó le bí yóò ti túbọ̀ le, ó lè bá eléré tí ó ti gbádùn padà sórí pápá. Ìtọ́jú aláìsàn kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ aláìsàn, ó sàn fún un kí ó padà lọ tún ìdánwò ṣe ní ọdún kan ju kí ó fi ọdún mẹ́rin rin ọ̀nà tí kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ti ìgbafẹ́ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń kọ́ mọ́ eré ìdárayá? Àwọn ènìyàn a rẹ́rìn-ín pé ta ni ó ń lọ sí yunifásítì nítorí fàájì. Nígbà tí àwọn baba wa ń fẹsẹ̀ rin lọ sí oko etílé tí wọ́n sì ń kọ ebè, wọn kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìdárayá. Ọmọ wọn ni ó ń jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó láti ìdájí, tí ó dé ọ́fíìsì tí ó tún jókòó, tí ó sì wálé ní alẹ́ wá jókòó ti ọpọ́n ayò. (Ayò ń mú ọpọlọ jí, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ìdí ni a fi ń ta á.) Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe ìdárayá ìwọ̀nba láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí ọmọdé sì máa ní ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ẹni tí yóò ṣètò rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ báńkì, fún arúgbó, fún aláàárẹ̀ ọkàn tí dókítà ti yọ̀ǹda, ni ẹ̀kọ́ yìí ń wá. Kí n má tan ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ìjọba nínú rẹ̀ kò pọ̀. Jíìmù, hòtẹ́ẹ̀lì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ń gbani, ẹni tí kò bá sì lè polówó ọjà ara rẹ̀ yóò pẹ́ nílé.

Ní ti àwọn tí ó fẹ́ di kóòṣì, oyè yunifásítì nìkan kò tó. Ilé-ẹ̀kọ́ National Institute for Sports wà ní Sùúrùlérè fún iṣẹ́ náà gan-an, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, tí a ń gbà ní ìpele-ìpele, tí kò ka dígírì sí àrọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn yá ní tòótọ́. Irú wọn ni Amusan tí ó lọ sí Yunifásítì Texas ní El Paso, irú wọn náà ni Falilat Ogunkoya tí ó lọ sí Mississippi State kí ó tó gba bàbà nínú eré 400 mítà ní Atlanta ní 1996. Eré sísá ni ó ń san owó ilé-ìwé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bí èsì ìdánwò rẹ̀ bá wálẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn là sílẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ó sáré. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń sáré má ṣe gbàgbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò rẹ̀ nítorí ife ẹ̀yẹ, kí ó sì má sanwó fún alágbàtà kankan kí ó tó bá yunifásítì náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò sì rí tó nínú JAMB lè gba ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni kọjá. Ọdún mẹ́ta ni a fi ń gba ìwé ẹ̀rí NCE níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ náà lè wọ yunifásítì ní ọdún kejì, kí ó sì fi ọdún mẹ́ta péré parí. Kí ó ṣí ìwé atọ́nà JAMB, kí ó wo àwọn ẹ̀kọ́ tí yunifásítì tí ó fẹ́ ń béèrè, nítorí wọn kò dọ́gba: àwọn kan kò lè gbójú fo bàólọ́jì, àwọn mìíràn a gba ẹ̀kọ́ ìlera dípò rẹ̀.