Ìtọ̀ Bàbá Ti Mọ́: Ṣé Àyẹ̀wò Ti Tó?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, Bẹ́yẹrúnkà ni a ń gbé, bàbá wa sì ń ta aṣọ ní Ọjà'ba. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Atọ̀sí la kọ́kọ́ pè é, àgbo la sì ń sè fún wọn kí a tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn UCH. Àwọn dókítà ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú ẹran ara àpò náà. Wọ́n ha á kúrò láìla ikùn, wọ́n sì ń fi oògùn BCG sínú àpò ìtọ̀ náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ìgbà tí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú àpò ìtọ̀ náà lẹ́yìn náà, ó mọ́.

Láti ìgbà yẹn, ìtọ̀ Bàbá mọ́ kedere, wọ́n sì ti padà sọ́jà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ọjọ́ kámẹ́rà méjì jẹ. Wọ́n ní ara àwọn ti yá, owó ti pọ̀ jù, ojú sì ń ti àwọn láti máa tú ṣòkòtò níwájú ọmọdé. Wọn kò tíì fi sìgá sílẹ̀. Ìyá wa náà ti ya ife àti abọ́ Bàbá sọ́tọ̀ torí ẹ̀rù pé àrùn náà lè ràn. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ wọn obìnrin, Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìdúró ti Bàbá, ẹ sì kú ìnáwó. Inú mi dùn pé ara wọn ti mókun. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kò tíì tó rárá. Ẹ dá Bàbá padà sí kíliníìkì, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ yóò tún yọ.

Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó máa ń padà wá jù lọ. Irú ti Bàbá yìí, tí kò tíì wọ inú ẹran, ó máa ń tún hù lára ìdajì àwọn tó ní in, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ó lè kéré bí orí ìṣáná, ó lè má dunni, ó sì lè má pa àwọ̀ ìtọ̀ dà. Kámẹ́rà ló dára jù láti fi rí i. Bí wọ́n bá bá a níbẹ̀, wọn yóò tún ha á. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí tó fi wọ inú ẹran, ó lè di pé kí wọ́n yọ àpò ìtọ̀ náà látòkèdélẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Bí ètò náà ṣe sábà máa ń lọ nìyí. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ máa ń wáyé ní oṣù 3 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ le, wọn á máa wò ó ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún 2, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí di ọdún 5, kó tó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ti ẹni tí tirẹ̀ kò le máa ń jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi dókítà Bàbá léèrè ọ̀wọ́ tí tiwọn bọ́ sí, àti bóyá ó yẹ kí wọ́n tún gba BCG. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà tó wà ní pálọ̀.

Ní ti ìtìjú, Bàbá lè bẹ̀ pé kí ọkùnrin tọ́jú àwọn. Kí wọ́n tún béèrè oògùn tí wọ́n máa ń fi sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ kó lè kú tipiri kí kámẹ́rà tó wọlé. Ó lè máa ta wọ́n bí wọ́n bá ń tọ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kí wọ́n mu omi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí tí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ sọ fún Ìyá pé kí wọ́n da ife Bàbá pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Mo rò pé mo mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. BCG yìí ni wọ́n ń gún sápá ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Dókítà kan ní Kánádà, Alvaro Morales, ló ròyìn ní ọdún 1976 pé ó ń ta ara jí láti bá jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ jà. Kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí aláìsàn jókòó tọ̀ fún wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì da Jik sí ilé ìyàgbẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó fi omi ṣàn án. Torí oògùn ni òfin yẹn, kì í ṣe torí Bàbá.

Sìgá ni olórí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ yìí. Májèlé inú èéfín máa ń bá ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀, ìtọ̀ náà á sì máa pa ara àpò ìtọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ má bá Bàbá jà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò fi í sílẹ̀ pátápátá, kí àwọn ọ̀rẹ́ ọjà náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí àgbo bá ṣì wà, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà.

Lórí owó, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ aláìsàn ní UCH, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ìrànwọ́ ìjọba àti ètò adójútòfò ìlera Ọ̀yọ́ lè gbà sọ́rùn. Kí gbogbo ọmọ náà dá àjọ oṣooṣù, kí owó kámẹ́rà má baà já lé ẹnì kan lórí.

Kí n tún bá àwọn òǹkàwé mìíràn sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tí wọ́n ti yọ àpò ìtọ̀ yín, tí ẹ ń gbé àpò tó ń gba ìtọ̀ síkùn, ẹ má sá fún àwùjọ. Ẹ máa da ìtọ̀ nù kí àpò tó kún dé ìdajì, kó má baà wúwo kó sì já. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ kò lọ sí Mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba mọ́ nítorí èyí, ẹ bá àáfáà yín sọ̀rọ̀: ẹ̀sìn ti ṣe ìrọ̀rùn fún ẹni tí kò lè dá ìtọ̀ rẹ̀ dúró, ìrun rẹ̀ sì ń dára.

Ká padà sọ́dọ̀ Bàbá: wọ́n lè má sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rù èsì ló ń lé wọn sẹ́yìn ju owó lọ. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ rán wọn lọ. Ẹ mú káàdì wọn dání lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba Yemẹtu lọ sí UCH pẹ̀lú wọn, ẹ sọ òótọ́ pé ọjọ́ méjì ti kọjá, ẹ gba ọjọ́ tuntun, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n títí èsì yóò fi jáde. Ọlọ́run yóò jẹ́ kó tún mọ́.