Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Púlọ́ọ̀gì àti Sọ́kẹ́ẹ̀tì Inú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ owó yíyá àti ìwé ìṣirò ni ẹ máa ń bá lẹ́nu èmi alábẹ̀wò yín. Lónìí, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni mo mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bèèrè pé kí ni ó kan alábẹ̀wò ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ iná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ohun tí ó fa ẹ̀kọ́ yìí

Mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tí gbèsè wọn ti kọjá àkókò, mo bá orúkọ ìyá kan tí kò pẹ́ san owó rí láti ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti wọ ẹgbẹ́. Ó yá ₦200,000 láti fi ra fìrísà tòkunbọ̀, kí ó lè máa ta yìnyín àti omi tútù. Oṣù 18 ni wọ́n fún un láti san án. Ó san oṣù mẹ́rin, ó sì dákẹ́. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì kò kí ara wọn mọ́.

Mo ní kí akọ̀wé mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o.” Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ wá wo ibi tí owó ẹgbẹ́ wọlẹ̀ sí.” Ó fi ara ògiri hàn mí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́, ògiri ti dúdú dé òkè, fìrísà sì dúró síbẹ̀ bí àpótí aṣọ.

Púlọ́ọ̀gì ńlá ẹlẹ́sẹ̀ roboto méjì ni fìrísà náà gbé dé láti òkè òkun. Kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé màmá. Ọmọkùnrin tí ó bá wọn gbé e wá gé orí púlọ́ọ̀gì náà dànù, ó bó wáyà méjì, ó ti ìhòòhò wọn bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì fi igi ìṣáná há wọn mọ́ ibẹ̀. Wáyà kẹta, ó ní kò wúlò, ó gé e kúrò. Ní ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ tí ilẹ̀ sì tutù, màmá fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn fìrísà, iná sì gbé e ṣánlẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi gbiná lóru. Púlọ́ọ̀gì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni a kò rà. Fìrísà tí a fi gbèsè rà ni ó bá a lọ.

Mo padà sílé, mo sì wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi. Ìdérí bíírò ni mo fi há ihò òkè rẹ̀, kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ojú tì mí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Iṣẹ́ tí wáyà mẹ́ta ń ṣe

Iná ń gba orí wáyà kan wọ inú ẹ̀rọ, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń gba orí wáyà kejì padà. Wáyà àkọ́kọ́ ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní láìfù. Òun ni ewu wà lára rẹ̀ jù lọ. Èkejì ni nútírà. Ẹ̀kẹta ni wáyà ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì.

Wáyà ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kankan ní ọjọ́ gbogbo, ìdí nìyí tí àwọn aláìmọ̀kan fi ń gé e dànù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí láìfù bá bó nínú ẹ̀rọ, tí ó sì kan ara irin rẹ̀, wáyà ilẹ̀ ni yóò gbé iná náà lọ sínú ilẹ̀ kí fíúsì lè já. Bí kò bá sí wáyà ilẹ̀, iná yóò dúró sí ara irin náà, yóò máa retí ẹni tí yóò fi ọwọ́ kàn án. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí màmá nìyẹn.

Ẹ̀yin onílé, ẹ ṣàkíyèsí pé wáyà ilẹ̀ kò wúlò bí kò bá dé ilẹ̀ ní tòótọ́. Ọ̀pá irin tàbí ti bàbà ni a máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fún un. Ẹ bi oníṣẹ́ iná yín bóyá ilé yín ní ọ̀kan, kí ẹ sì ní kí ó dán an wò.

2. Oríṣi púlọ́ọ̀gì tí ó ń wọ ilé wa

(a) *Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin.* Èyí ni ti ilẹ̀ wa Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá; ọdún 1947 ni wọ́n gbé ìlànà rẹ̀, BS 1363, jáde níbẹ̀. Ámpù 13 ni agbára rẹ̀, fíúsì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ òkè: ó gùn ju àwọn méjì ìsàlẹ̀ lọ. Kì í ṣe àṣìṣe. Òun ni wáyà ilẹ̀, òun ni ó ń kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni ó sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tí ó bo ihò méjì ìsàlẹ̀. A fi ìlẹ̀kùn náà síbẹ̀ kí ọmọdé má baà ti ìṣó tàbí ṣíbí bọ ibi tí iná wà. Ẹni tí ó fi bíírò ṣí i ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

(b) *Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta roboto.* Èyí ni ẹ̀gbọ́n èyí tí a sọ tán. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó ni ín. Ẹ ó rí i nínú àwọn ilé àtijọ́. Kékeré rẹ̀ jẹ́ ti ámpù 5, ńlá rẹ̀ jẹ́ ti ámpù 15. Àwọn kan ṣì ń lo ńlá yìí fún ẹ̀rọ amúlétutù. Púpọ̀ nínú wọn kò ní fíúsì nínú, nítorí náà fíúsì ara ògiri nìkan ni ó ń ṣọ́ wọn.

(d) *Ẹlẹ́sẹ̀ méjì roboto.* Ilẹ̀ Yúróòpù ni èyí ti wá. Ọ̀kan jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ámpù 2½ péré ni, kò sì ní wáyà ilẹ̀. Ẹ̀rọ kéékèèké tí a fi rọ́bà bo dáadáa, bí rédíò àti ṣájà fóònù, ni a ṣe é fún. Èkejì tóbi, ó sì ní wáyà ilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wáyà náà ní. Ti Jámánì, irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni; ti Faransé, ihò tí ó wà lójú rẹ̀ ni. Èyí ni ó ń wà lára fìrísà àti ẹ̀rọ ìfọṣọ tòkunbọ̀. Bí ẹ bá rìn dé Kétu tàbí Pọ̀tọ̀novò ní orílẹ̀-èdè Benin, irú sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ni ẹ ó bá lára ògiri. Bí a bá kì í bọ ádápítọ̀ pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irin ẹ̀gbẹ́ tàbí ihò náà kò ní kan ohunkóhun. Ẹ̀rọ ń tutù, ẹ̀ ń rò pé ó parí. Wáyà ilẹ̀ kò sí.

(e) *Ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì.* Ti Amẹ́ríkà ni. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ kẹta a máa wà ní ìsàlẹ̀, ó sì máa ń roboto. Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún èyí. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Bí ọmọ yín bá fi ẹ̀rọ ìlọta ránṣẹ́ láti ibẹ̀, ẹ ka ohun tí a kọ sí ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 100–240, ó lè gba iná wa. Bí ó bá jẹ́ 110 tàbí 120 nìkan, yíyí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ padà kò tó, yóò jóná. Tiransifọ́mà tí ó ń sọ 230 di 120, tí agbára rẹ̀ sì tó ti ẹ̀rọ náà, ni ó nílò.

3. Fíúsì ni onídùúró

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ onídùúró. Bí ayáwó bá kùnà, onídùúró ni yóò fi orí ara rẹ̀ gbà á kí owó ẹgbẹ́ má baà ṣègbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fíúsì. Bí iná bá ju èyí tí wáyà lè gbé lọ, fíúsì a já, wáyà àti ilé a sì yè. Ẹni tí ó bá fi bébà fàdákà inú páálí sìgá rọ́pò fíúsì ti fi òkú ṣe onídùúró.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbójú lé fíúsì pé yóò gba ẹni tí ó di láìfù mú là. Iná tí ó lè pa ènìyàn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ámpù kan. Fíúsì ń ṣọ́ wáyà. Wáyà ilẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ènìyàn.

4. Ìṣirò kékeré

Ẹ wo iye wáàtì tí a kọ sí ara ẹ̀rọ, kí ẹ fi 230 pín in. Iye ámpù tí yóò fà ni ẹ ó rí:

Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 100: kò tó ìdajì ámpù.
Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000: ámpù 4.3.
Bọ́ílà ìgbómi wáàtì 1,500: ámpù 6.5.
Kẹ́tù wáàtì 2,000: ámpù 8.7.

Ẹ̀rọ tí kò ju wáàtì 700 lọ, fíúsì 3 ni kí a fi sí púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a fi 13 sí i. Ti fíríìjì àti fìrísà yàtọ̀, nítorí wọ́n máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan. Ohun tí ẹni tí ó ṣe é bá kọ sí i ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ wá wo ẹni tí ó to áyọ́ọ̀nù, bọ́ílà àti kẹ́tù yìí sórí ẹsitẹ́ńṣàn kan ṣoṣo. 4.3, 6.5 àti 8.7 jẹ́ 19.5. Ámpù 13 sì ni agbára ẹsitẹ́ńṣàn náà bí ó tilẹ̀ ní ihò mẹ́fà. Iye ihò kì í ṣe iye agbára.

5. Bí a ṣe ń so wáyà mọ́ púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri pátápátá. Ẹ ṣí i, kí ẹ kọ ẹsẹ̀ gígùn sókè, kí inú rẹ̀ sì kọjú sí yín. Wáyà àwọ̀ ewé tí ó ní ìlà àwọ̀ ìyeyè ni ti ilẹ̀: òkè ni kí ó lọ. Búráùn ni láìfù: ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí fíúsì wà. Búlúù ni nútírà: ọwọ́ òsì. Nínú wáyà àtijọ́, pupa ni láìfù, dúdú ni nútírà, àwọ̀ ewé ni ti ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wáyà ilẹ̀ gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kí ó lè jẹ́ òun ni yóò já kẹ́yìn bí ẹnìkan bá fa okùn náà. Ẹ dè é mọ́ ṣinṣin, nítorí ibi tí wáyà ti mì ni ooru ti ń bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà òde ni kí irin ìdìmú ẹnu púlọ́ọ̀gì di mú, kì í ṣe wáyà inú. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ pe oníṣẹ́ iná tí ó kọ́ iṣẹ́. Ti inú ògiri, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín kàn án rárá.

Púlọ́ọ̀gì tí ó bá gbóná lọ́wọ́, tí ó ń rùn, tí ó ń dún ṣìì, tàbí tí ó dúdú lẹ́sẹ̀, ti ń kìlọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

6. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ màmá pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà níṣojú mi. Wọ́n sún àkókò gbèsè rẹ̀ síwájú, wọ́n sì parí ìjà àwọn onídùúró méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òfin mẹ́ta tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ gbé yẹ̀ wò:

(i) Ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ oníná, kí ó kọ owó púlọ́ọ̀gì gidi àti owó iṣẹ́ oníṣẹ́ iná mọ́ iye tí ó ń béèrè.

(ii) Bí ẹgbẹ́ bá ń ra ọjà pọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ ka fólítì àti wáàtì ara rẹ̀, kí wọ́n sì wo púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí a tó san owó.

(iii) Kí oníṣẹ́ iná yẹ iná inú ọ́fíìsì àti ilé ìtajà ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún, nítorí ibẹ̀ ni ìwé owó gbogbo wa wà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Kí ni ìdí tí ẹsẹ̀ òkè púlọ́ọ̀gì wa fi gùn ju àwọn yòókù lọ?
2. Iṣẹ́ wo ni fíúsì ń ṣe tí wáyà ilẹ̀ kì í ṣe? Iṣẹ́ wo ni wáyà ilẹ̀ ń ṣe tí fíúsì kì í ṣe?
3. Ọmọ ẹgbẹ́ kan fẹ́ lo kẹ́tù wáàtì 2,000 àti áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,200 lórí ẹsitẹ́ńṣàn kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ṣé ó tọ́?
4. Kí olúkúlùkù ka sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Mélòó ni ó ń gbóná? Mélòó ni a fi bíírò tàbí igi há?

Èmi ti yọ ìdérí bíírò tèmi. Ó kù sọ́wọ́ yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi owó àjẹṣẹ́kù ra àdánù o.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe,
Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́.